Bẹ́ ẹ ṣe lè kọ ojú ogun kejì sínú ìtàn fantasy yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ fantasy, ìtàn àròsọ onídán yẹn, ẹ gbọ́ mi o. Ìtàn tí mo kọ́kọ́ kọ, ogun méjì ló wà ńbẹ̀, ọ̀kan lẹ́nu odi ìlú, ọ̀kan lọ́hùn-ún létí odò, ọ̀rẹ́ mi kan kà á tán ló bá ní "tó o bá yọ ti odò yìí kúrò ńkọ́, kí ló máa bàjẹ́?" Mo ronú títí, kò sí nǹkan kan. Orí mẹ́rin gbáko ni mo pa rẹ́.

Torí náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi ara yín pé kí ló ń gba ojú ogun kejì yẹn kọjá lọ síbi tí ogun ńlá wà? Oúnjẹ ni àbí ẹ̀tù àbí èèyàn? Tí ò bá sí, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú.

Ibi témi ti kọ́ ọ kì í ṣe inú fantasy rárá, ogun Kírìjì ni, 1877 sí 1893. Gbogbo wa la mọ Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ (Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn) tí wọ́n jọ jà, a mọ Ògèdèǹgbé ọ̀gágun Èkìtìparapọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kan: Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn, ẹ̀tù àtìbọn ò wọlé dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ Èkìtì ń rí ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ti ìdí kì gbà láti Èkó, ọ̀nà Oǹdó ló ń gbà wọlé. Ẹni tó kàn jókòó ti ọ̀nà ti jagun Kírìjì nìyẹn o, kò tiẹ̀ gun òkè tí wọ́n ti ń jà rí. Ọ̀fà náà tún wà ńbẹ̀, Ìlọrin dó tì í, Ìbàdàn ní láti fọ́mọ ogun ránṣẹ́ síbẹ̀, Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ wá ṣàdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n Ìlọrin ò kúrò ní Ọ̀fà, ni ọ̀rọ̀ ò bá tán títí di 1893.

Ẹ ṣọ́ra fún idán ṣá. Tí ọmọ ogun yín bá ní egbé, kí làǹfààní ọ̀nà tí wọ́n tì? Ẹ fún egbé yẹn ní èèwọ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ nìkan ló lè gbé, kò lè gbé àgbá ẹ̀tù. Ìròyìn náà, ẹ má jẹ́ kó dé lọ́jọ́ kan náà, ẹ ka iye ọjọ́ tí ìránṣẹ́ máa fi rìn, àyàfi tẹ́ ẹ bá fún wọn lẹ́yẹ tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ ba tiyín jẹ́ nìyẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kẹ́ ẹ má ṣàlàyé bí ojú ogun méjèèjì ṣe so pọ̀ rárá. Ní orí karùn-ún, afárá jóná níbi tẹ́nikẹ́ni ò kà sí. Ní orí kẹjọ, ọmọ ogun kan lẹ́nu odi da ẹ̀tù tó kù sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó, kò tó kì lẹ́ẹ̀mẹta, ó wo ojú ọ̀nà, ó rọra dà á padà sínú àpò kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ.