Ìtàkùrọ̀sọ lédè Yorùbá láti inú tẹ́mínà: àwọn ìṣòro tó ń yọjú àti àtúnṣe wọn

Ìbéèrè: WeeChat, ètò ìtàkùrọ̀sọ inú tẹ́mínà (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ni mo fi ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí Libera.Chat, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì IRC kan (IRC ni ìlànà ìtàkùrọ̀sọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì), láti orí sáfà kan, kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè, tí mo ń fi ssh wọ̀. Gbogbo ibi tí ẹ, ọ, ṣ tàbí àmì ohùn bá wà ni àmì ìbéèrè ti ń hàn sí mi. Bí mo bá fi fóònù wo chánẹ́ẹ̀lì kan náà, kò sí wàhálà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Fóònù yín ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà dé láìlábùkù, sáfà yẹn ni kò mọ̀ pé UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ lẹ́tà gbogbo èdè, ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ jáde nínú WeeChat, kí ẹ tẹ `locale`, àṣẹ tó ń fi ètò èdè sáfà hàn. Bí ẹ bá rí `LANG=C` tàbí `LANG=POSIX`, tàbí tí kò sí ohunkóhun níwájú LANG, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ẹ kọ `export LANG=C.UTF-8` sí ìparí fáìlì `~/.bashrc`, kí ẹ kúrò lórí sáfà, kí ẹ tún wọlé kí ẹ tó ṣí WeeChat, nítorí pé ìgbà tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó máa ń yẹ èyí wò. Bí wọ́n bá ti fi nǹkan sínú LC_ALL, ẹ yọ ọ́, torí òun ló ń borí LANG.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ ni tmux, ètò tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ inú tẹ́mínà máa lọ bí ẹ bá tilẹ̀ jáde. Èyí tó ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó ṣe àtúnṣe yóò máa pín LANG àtijọ́ fún gbogbo ohun tí ẹ bá ṣí nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi `tmux kill-server` pa á, kí ẹ sì rántí pé ohunkóhun tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ yóò kú pẹ̀lú rẹ̀. (Linux ní locale `yo_NG` tó ń kọ orúkọ ọjọ́ àti oṣù ní Yorùbá, ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n kò pọn dandan fún iṣẹ́ yìí.)

Ìbéèrè: Àmì ìbéèrè ti lọ, ṣùgbọ́n àmì orí ọ́ àti ẹ̀ ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ni á àti ò kò ní ìṣòro. Ọ̀rọ̀ mi tó gùn díẹ̀ sì máa ń já sí méjì.

Ìdáhùn: Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún á, ṣùgbọ́n kò ní irú rẹ̀ fún ọ́. Nọ́ńbà lẹ́tà ọ ni U+1ECD, a ó sì wá gbé àmì òkè, U+0301, lé e lórí. Tẹ́mínà tí ẹ jókòó tì àti fọ́ǹtì rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ to méjèèjì léra wọn. Sáfà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ gbìyànjú DejaVu Sans Mono. Bí ó bá jẹ́ pé ojú dúdú tí Ctrl+Alt+F3 ń gbé jáde ni ẹ ń lò, ẹ má fi àkókò ṣòfò níbẹ̀: àwòrán lẹ́tà 512 ni fọ́ǹtì rẹ̀ lè gbà, kì í sì í to àmì lé lẹ́tà.

Ohun kan náà ló ń gé ọ̀rọ̀ yín. Báìtì (ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń ka gígùn ọ̀rọ̀) 512 ni IRC fàyè gbà fún ìlà kan, orúkọ chánẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ni "ọjọ́", ṣùgbọ́n báìtì 9 ni: ọ jẹ́ 3, j jẹ́ 1, ọ́ jẹ́ 5. Àwọn kan ń torí èyí yọ àmì ohùn kúrò. Èmi kò rí ìdí fún un níwọ̀n ìgbà tí WeeChat ti ń pín ìlà náà fúnra rẹ̀ láìsọ ohunkóhun nù.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ fi toot, ètò inú tẹ́mínà kan, gbé ọ̀rọ̀ sórí Mastodon, ìkànnì ìbáraẹnisọ̀rọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ `toot post 'Ó l'óun ń bọ̀'`, àmì `>` nìkan ló hàn, kò sì ṣe nǹkan mìíràn mọ́.

Ìdáhùn: Àmì tó wà lẹ́yìn l ni tẹ́mínà kà sí òpin ọ̀rọ̀, èyí tó gbẹ̀yìn sì ṣí òmíràn tí kò ní ìpadé. Ẹ tẹ Ctrl+C láti jáde. Àmì àyọlò oníbejì yóò yanjú èyí, àmọ́ ó ní ewu tirẹ̀: bí ẹ bá kọ "$50" sínú rẹ̀, 0 nìkan ni àwọn ènìyàn yóò rí, torí tẹ́mínà yóò ti gbé `$5` mì. Ohun tó dára jù ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sínú fáìlì, kí ẹ wá tẹ `cat oro.txt | toot post`.

Ìbéèrè: Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń já léraléra. Bí mo bá padà, orúkọ mi á ti di `alaroye_`.

Ìdáhùn: Libera.Chat ṣì gbà pé ẹ wà níbẹ̀ lórí ìsopọ̀ àtijọ́ ni. Bí ẹ bá ti wọlé pẹ̀lú SASL (ọ̀nà tí ẹ fi ń jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ ni orúkọ náà), ẹ tẹ `/msg NickServ REGAIN alaroye`; NickServ ni ó ń tọ́jú orúkọ níbẹ̀. Kó má baà máa rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí WeeChat máa gbé inú tmux lórí sáfà, kí ẹ sì máa fi mosh wọlé dípò ssh, nítorí mosh kì í já bí ẹ bá tilẹ̀ kúrò lórí Wi-Fi bọ́ sórí dátà. Ẹ ṣí ojú ọ̀nà (port) UDP 60000 sí 61000 fún un lórí sáfà. Ẹni tó bá ń lo Termux, tẹ́mínà orí fóònù Android, gbọ́dọ̀ tẹ `termux-wake-lock` pẹ̀lú, kí fóònù má baà sùn mọ́ ọn lórí.

Ìbéèrè: Ètò tí mo fi ń ka Twitter nínú tẹ́mínà kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ìdáhùn: Kò sí ohun tí ẹ lè tún ṣe lọ́dọ̀ yín. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni ilé iṣẹ́ náà fòfin de àwọn ètò tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n sì gba àǹfààní ọ̀fẹ́ tí irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀ gbára lé kúrò ní ọdún kan náà.