Owó Tí Mo Fi Ra Ìtàn Tí Wọ́n Ti Yọ Eyín Ẹnu Rẹ̀

₦9,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi fún ìwé ìtàn kúkúrú àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹni tó gé àwọn ìtàn náà kúrú sì ti yọ gbogbo eyín ẹnu wọn. Mo gbé e padà, ẹni tó tà á fún mi ní, "Tíṣà, ọjà tá a bá ti tà, a kì í gbà á padà." Ó dáa náà.

"The Ransom of Red Chief" tí O. Henry kọ lọ́dún 1907 ni mo fẹ́ kà sókè fún kíláàsì mi. Sam àti Bill jí ọmọ olówó kan gbé ní Alabama, wọ́n rò pé owó ti dé. Àmọ́ ọmọkùnrin náà, tó ń pe ara rẹ̀ ní Red Chief, le ju àwọn tó jí i gbé lọ: ó ki pòtétò gbígbóná bọ Bill lẹ́yìn, ó fẹsẹ̀ tẹ pòtétò náà fọ́ síbẹ̀, ó sì lóun ò fẹ́ padà sílé.

Inú lẹ́tà tí bàbá ọmọ fi dá wọn lóhùn ni gbogbo ẹ̀rín ibẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ìwé yìí ti dá mi lágara. Dọ́là 2,000 ni wọ́n ń wá. Bill tí ojú rẹ̀ ti rí màbo ló bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín in kù sí 1,500. Bàbá fèsì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé owó yẹn ti ga jù díẹ̀: kí àwọn gan-an mú ọmọ wá, kí wọ́n san 250 fún òun, òun á gbà á lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n sì wá lóru o, torí àwọn aládùúgbò gbà pé ọmọ ti sọnù, òun ò sì ní lè dá wọn dúró bí wọ́n bá rí ẹni tó ń mú un bọ̀! Kí lẹ rò pé ó wà nínú ìwé tèmi? "Bàbá náà kọ̀ láti sanwó." Ó parí. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú tiẹ̀ ti tú òpin ìtàn síta, wọ́n tún wá fi ẹ̀kọ́ ìwà rere dí i nídìí. Ta ló ní kí wọ́n wàásù fún wa?

Mo rí odindi rẹ̀ lórí Project Gutenberg, ìkànnì ìwé àtijọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nínú Whirligigs, àkójọ ìtàn O. Henry. Ọ̀fẹ́ ni. Inú tún bí mi sí i.

Kíkà rẹ̀ ò le. Sam ló ń sọ ìtàn, gírámà ńláńlá ló sì ń sọ láàárín ìyà tó ń jẹ Bill. Mo fajú ro, mi ò rẹ́rìn-ín rárá. Nígbà tí mo dé ibi lẹ́tà, mo pa ìwé dé, mo ní kí wọ́n sọ iye tí bàbá máa san. Oríṣiríṣi owó ni wọ́n dá. Kò sẹ́ni tó rò ó pé àwọn ajínigbé ló máa sanwó. Ẹ̀rín tó bú jáde nígbà tí mo ka 250, tíṣà kíláàsì kejì yọjú wò wá. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, kì í ṣe ti ìwé wọn.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣí lẹ́tà bàbá wò lórí àtẹ. Bẹ́ ẹ ò bá rí àwọn aládùúgbò níbẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ má tiẹ̀ ná an.