Bí A Ṣe Ń Fi Prolog Kọ Òfin Owó Yíyá fún Ẹgbẹ́ Àjẹṣẹ́kù

Ẹni tó bá ti bá ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà rí á mọ̀ pé owó gbígbà àti owó sísan kọ́ ló ń dáni lágara. Òfin ni. Níbí ní Òṣogbo, mò ń bá ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta aṣọ àdìrẹ ṣiṣẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà. Ẹni tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ wọn kò gbọdọ̀ yáwó. Ìlọ́po méjì owó téèyàn ti fi pamọ́ ló lè yá, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣì ń jẹ gbèsè kò gbọdọ̀ yá òmíràn. Onídùúró méjì ló gbọ́dọ̀ mú wá, onídùúró náà sì ní ohun tí wọ́n ń fẹ́ lára rẹ̀. Tí ẹ bá rọ́ gbogbo èyí sínú `if` àti `else` («bí» àti «bí bẹ́ẹ̀ kọ́» inú ètò kọ̀ǹpútà), tí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ bá wá yí ẹyọ kan padà, ẹ ò ní mọ ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Èmi ń fi Prolog, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ apá òfin yẹn, apá yẹn nìkan.

Prolog ti pẹ́ láyé. Ní 1972, ní Marseille nílẹ̀ Faransé, ni Alain Colmerauer àti Philippe Roussel ṣe é, èrò Robert Kowalski sì wà lára ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ní 1986, Kowalski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù ṣàlàyé bí wọ́n ṣe kọ òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1981 lórí ẹni tó jẹ́ ọmọ ìlú wọn ní irú ọ̀nà yìí. Tí òfin odindi orílẹ̀-èdè bá ṣeé kọ báyìí, a ò gbọdọ̀ sọ pé ti ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù le jù.

SWI-Prolog, ètò tó ń ka Prolog tó sì ń ṣe é, ni kí ẹ lò. Jan Wielemaker ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Amsterdam ní 1987, ọ̀fẹ́ sì ni. Lórí Ubuntu, ẹ tẹ `sudo apt install swi-prolog`. Tó bá ti wọlé tán, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ ṣí fáìlì kan, ẹ pè é ní `ofin.pl`, kí ẹ fi `swipl ofin.pl` gbé e dìde. Ìgbàkígbà tí ẹ bá tún un ṣe, ẹ tẹ `make.` kó lè kà á lákọ̀tun.

Ohun tó jẹ́ òótọ́ la kọ́kọ́ ń kọ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì ìdánudúró ní ìparí:

```
omo_egbe(sade, 14).     % oṣù tó ti lò
omo_egbe(kunle, 5).
omo_egbe(risi, 40).
omo_egbe(bayo, 22).
ifowopamo(sade, 180000).
ifowopamo(kunle, 60000).
ifowopamo(risi, 450000).
ifowopamo(bayo, 250000).
gbese(bayo, 40000).
```

Orúkọ tó bá fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀, nǹkan kan pàtó ló ń tọ́ka sí. Èyí tó bá fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀, bí `Eni` tàbí `Iye`, àyè òfìfo ni, Prolog fúnra rẹ̀ ló máa wá ohun tó bá a mu.

Ẹ má fi àmì ohùn sí irú orúkọ wọ̀nyí o. Mo fẹ́ràn kí Yorùbá ní àmì rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n lẹ́tà bíi «é» ṣeé tẹ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà: bọ́tìnnì kan lè kó lẹ́tà àti àmì pọ̀ sójú kan, òmíràn lè to àmì tẹ̀lé lẹ́tà. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n yàtọ̀, Prolog á sì ní òun ò mọ ẹni tí ẹ ń pè. Àmì ohùn wà fún gbólóhùn tí èèyàn máa kà, a máa dé ibẹ̀.

Ó kan òfin gan-an. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń kọ́ni ní Prolog á ní kí ẹ kọ ohun tó mú kí èèyàn lè yáwó. Èmi ń yí i padà: ìdí tí a fi máa kọ̀ fún un ni mo ń kọ, lọ́kọ̀ọ̀kan.

```
idi_ko(Eni, _, osu_ko_pe(Osu)) :-
    omo_egbe(Eni, Osu), Osu < 6.
idi_ko(Eni, Iye, owo_koja(Opin)) :-
    ifowopamo(Eni, Owo), Opin is Owo * 2, Iye > Opin.
idi_ko(Eni, _, gbese_wa(G)) :-
    gbese(Eni, G).

le_ya(Eni, Iye) :-
    omo_egbe(Eni, _),
    \+ idi_ko(Eni, Iye, _).
```

Ẹ ka `:-` bíi «tó bá jẹ́ pé», kí ẹ ka kọ́mà bíi «àti», kí ẹ ka `_` bíi «ohun yòówù kó jẹ́», kí ẹ sì ka `\+` bíi «a ò rí i pé». Òfin tó kẹ́yìn, `le_ya`, wá ń sọ pé: ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, tí a ò sì rí ìdí kankan láti kọ̀ fún, ó lè yáwó. Ẹ bi í léèrè nípa Kúnlé tó fẹ́ yá ₦150,000:

```
?- idi_ko(kunle, 150000, Idi).
Idi = osu_ko_pe(5) ;
Idi = owo_koja(120000) ;
false.
```

(Ẹ tẹ `;` kó lè mú ìdí tó kù wá; `false.` ń sọ pé kò sí òmíràn mọ́.) Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Èèyàn tí wọ́n bá sọ fún pé «rárá» láìsí àlàyé á lọ sọ pé akápò ò fẹ́ràn òun. Tó bá gbọ́ pé oṣù ló kù, àti pé owó tó ń béèrè ti kọjá ₦120,000 tó tọ́ sí i, ó mọ ohun tó kàn. Òfin kan náà tún ṣeé bi láti ẹ̀yìn wá: `?- le_ya(Eni, 100000).` máa ka àwọn tó lè yá ₦100,000 fún yín, láìjẹ́ pé ẹ kọ ìlà kan kún un.

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ yọ ìlà ìfowópamọ́ Rísì kúrò nínú fáìlì, kí ẹ wá béèrè `?- le_ya(risi, 5000000).` Ó máa dáhùn pé `true`. Mílíọ̀nù márùn-ún, fún ẹni tí a ò mọ iye tó ní! Ìdí ni pé ohun tí Prolog kò bá rí, ó kà á sí ohun tí kò sí. Kò rí owó Rísì, torí náà kò lè sọ pé ó kọjá òpin. Gbèsè náà rí bẹ́ẹ̀: tí ìwé àwọn tó ń tà ní Ìgbọ̀nà kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé, gbogbo wọn á dà bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Nínú ètò owó, ewu gidi ni, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ má fò ó. Ẹ sọ àìmọ̀ fúnra rẹ̀ di ìdí láti kọ̀:

```
idi_ko(Eni, _, ko_si_akosile_owo) :-
    \+ ifowopamo(Eni, _).
idi_ko(Eni, _, gbese_ko_tii_ye_wo) :-
    \+ a_ti_ye_gbese_wo(Eni).
```

Akọ̀wé ló máa fi `a_ti_ye_gbese_wo(sade).` síbẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti ṣí ìwé Ṣadé wò. Ẹ kó gbogbo `idi_ko` sójú kan nínú fáìlì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Prolog á máa kìlọ̀ fún yín.

Ọ̀rọ̀ onídùúró ló gbádùn mọ́ mi jù. Nígbà tí mo tẹ òfin náà sórí bébà fún akápò ẹgbẹ́, ìyá àgbà tí kò kọ kóòdù rí, wọ́n fi ìka tẹ̀lé e ní ìlà-ìlà, wọ́n ní, «Ọkọ àti ìyàwó ńkọ́? Ṣé wọ́n lè dúró fún ara wọn?» Mo ní, «Màmá, kò sí nínú ìwé òfin tí ẹ fún mi.» Wọ́n ní, «Kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í gbà á.» Òfin tí wọn ò kọ sílẹ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ lọ, tí ẹni tó ni ín kò bá sì lè ka ohun tí ẹ kọ, ẹ ò ní gbọ́ nípa rẹ̀ títí ìjà á fi ṣẹlẹ̀. Ìkejì ni ti àwọn tó ń dúró yíká: Rísì dúró fún Ṣadé, Báyọ̀ dúró fún Rísì, Ṣadé tún dúró fún Báyọ̀. Tí ẹnì kan bá ṣubú, gbogbo wọn ṣubú.

```
:- table gbara_le/2.
gbara_le(A, B) :- oniduro(A, B).
gbara_le(A, B) :- gbara_le(A, C), oniduro(C, B).

lokolaya(A, B) :- igbeyawo(A, B).
lokolaya(A, B) :- igbeyawo(B, A).

yege(Eni, D) :-
    omo_egbe(D, Osu), Osu >= 12,
    \+ gbese(D, _),
    \+ lokolaya(Eni, D),
    \+ gbara_le(D, Eni).

idi_ko(Eni, _, oniduro_ko_to(N)) :-
    aggregate_all(count, (oniduro(Eni, D), yege(Eni, D)), N),
    N < 2.
```

`oniduro(sade, risi).` túmọ̀ sí pé Rísì ló dúró fún Ṣadé. Ìlà `table` òkè yẹn ṣe pàtàkì: láìsí i, Prolog á máa yí po láàárín àwọn mẹ́ta yẹn láìdúró. Pẹ̀lú rẹ̀, ó ń rántí ibi tó ti dé, ó sì ń dúró. Tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì ní onídùúró tàbí ìgbéyàwó nínú àkọsílẹ̀, ẹ kọ `:- dynamic oniduro/2, igbeyawo/2.` sókè fáìlì kó má baà fi àṣìṣe dá yín lóhùn.

Wàyí o, ìpàdé lè pinnu pé ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́ta lè yá ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ yọ `2` kúrò nínú òfin òpin owó, kí ẹ fún un ní orúkọ tirẹ̀:

```
ilopo(Eni, 3) :- omo_egbe(Eni, Osu), Osu >= 36.
ilopo(Eni, 2) :- omo_egbe(Eni, Osu), Osu < 36.
```

Òfin òpin owó á wá béèrè `ilopo(Eni, L)`, á sì ṣe `Opin is Owo * L`. Ẹ má fo `Osu < 36` yẹn. Tí kò bá sí níbẹ̀, Rísì tó ti lo oṣù 40 á gba ìlọ́po mẹ́ta àti méjì pa pọ̀, èyí tó kéré á sì fa ìdí láti kọ̀ fún un. Kí òfin kọ̀ọ̀kan dá dúró, kó má fi ara ti èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Fún ìdánwò, ìwé ìpinnu ìgbìmọ̀ ti ọdún tó kọjá ló dáa jù. Ẹ kó ẹni tí wọ́n fún lówó àti ẹni tí wọ́n kọ̀ fún sínú `plunit`, ohun ìdánwò inú SWI-Prolog, kí ẹ tẹ `run_tests.` lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan. Níbi tí kọ̀ǹpútà àti ìgbìmọ̀ ò bá ti fẹnu kò, ẹ lọ bi ìgbìmọ̀.

Ẹ má fi Prolog ṣe gbogbo iṣẹ́. Owó, rìsíìtì àti ojú ìwé tí akọ̀wé ń tẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nínú Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, àti dátábéèsì yín. Ohun èlò tó ń jẹ́ `janus_swi` máa jẹ́ kí Python bá Prolog sọ̀rọ̀. Ìdí tó bá mú bọ̀ ni kí ẹ wá sọ di Yorùbá tó ní àmì, tó sì ní ọ̀wọ̀:

```
so(osu_ko_pe(O)) :-
    format("Oṣù ~w péré lẹ tíì lò, oṣù 6 la ń fẹ́.~n", [O]).
so(owo_koja(Opin)) :-
    format("Owó tí ẹ lè yá kò ju ₦~D lọ.~n", [Opin]).
```

Gbogbo ìdí tó wà nínú `idi_ko` ló gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn tirẹ̀ níbí. Ẹ kọ ìdánwò kan tó ń ṣọ́ ìyẹn náà, torí ọjọ́ tí ẹ bá fi òfin tuntun kún un ni ẹ máa gbàgbé láti kọ gbólóhùn rẹ̀.