Ẹ má kù gìrì fi ṣọ́tà sí lẹ́ǹsì àtijọ́

Tí ẹ bá jogún kámẹ́rà onígi lọ́wọ́ bàbá tó ya fọ́tò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ṣeé ṣe kí lẹ́ǹsì idẹ iwájú rẹ̀ má ní ṣọ́tà, ìyẹn ohun tó ń ṣí tó sì ń pa dé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí àwo gíláàsì ṣì ń lọ́ra gba ìmọ́lẹ̀, ọwọ́ ni onífọ́tò fi ń ṣí ìdérí lẹ́ǹsì, á kà á sínú, á tún dé e. Fíìmù ISO 100 (ISO ni ìwọ̀n bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí) kò gba ìyẹn mọ́: nínú oòrùn ọ̀sán Tákíè, ní f/16 (nọ́ńbà f ni ìwọ̀n ojú lẹ́ǹsì; bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú náà ń kéré sí i), ìṣẹ́jú-àáyá 1/100 péré ló fẹ́.

Àṣìṣe tó burú jù ni èyí tí èmi náà ṣe. Mo tú gíláàsì iwájú àti ti ẹ̀yìn kúrò nínú idẹ, mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, pé kó ṣe òrùka tí yóò mú wọn wọ Copal, ṣọ́tà oníewé irin tó máa ń wà láàárín gíláàsì méjèèjì. "Bọ̀ọ̀dá, ó ti wọ̀ o!" Lóòótọ́ ló wọ̀. Àmọ́ n kò wọn àlàfo àárín méjèèjì kí n tó tú u. Nígbà tí mo fọ fọ́tò, ojú ìyá àgbà tó jókòó láàárín mọ́ kedere. Àwọn ọmọ-ọmọ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dà bí ẹni wà nínú èéfín. Ẹ fi kálípà wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó tú ohunkóhun.

Ẹ má sì ra ṣọ́tà láì ṣírò. Lẹ́ǹsì 300mm f/4.5 ń fẹ́ ojú tó fẹ̀ tó nǹkan bí mílímítà 67 (ẹ fi 4.5 pín 300). Copal 3, tó tóbi ju Copal 0 àti 1 lọ, 45 péré ló lè ṣí. Ṣọ́tà Packard ni kí ẹ wá fún irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀, èyí tí a ń fi bọ́ọ̀lù rọ́bà fún afẹ́fẹ́ sí. Ẹ̀yìn lẹ́ǹsì ló lè dúró, ẹ kò ní gé idẹ rárá. Kò yára ju nǹkan bí 1/25 lọ, nítorí náà nínú oòrùn, ẹ sé ojú lẹ́ǹsì dé f/32.

Nọ́ńbà f tí wọ́n kọ sára ṣọ́tà ńkọ́? Tó bá jẹ́ lẹ́ǹsì 150mm ni wọ́n kọ ọ́ fún, f/8 rẹ̀ ti di f/16 lórí 300mm. Ihò tí a ń gbẹ́ sára pátákó lẹ́ǹsì fún Copal 1 jẹ́ 41.6mm, tí káfíńtà bá ní ká kúkú ṣe é ní 45, ẹ kọ̀ fún un.

Tí ewé ṣọ́tà bá sì ń lẹ̀ mọ́ra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i. Eruku ọyẹ́ á bá a níbẹ̀.