Irú ẹ̀rọ pólíìṣì tó yẹ kẹ́ ẹ rà fún mọ́tò yín nílé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa fọwọ́ ara yín dán mọ́tò nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ pólíìṣì tí wọ́n ń pè ní DA (dual action) ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fi irú kejì tí wọ́n ń pè ní rotary sílẹ̀ fáwọn tó ti mọ̀ ọ́n lò. Rotary máa ń yí lójú kan ṣáá ni, tẹ́ ẹ bá fi lè dá a dúró díẹ̀ sétí bọ́nẹ́ẹ̀tì báyìí, ooru á jó ọ̀dà yẹn, ẹ ó kàn rí i tí abẹ́ ẹ̀ ti yọ, ó di ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà nìyẹn. DA ń yí, ó tún ń gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ jù, páàdì ẹ̀, ìyẹn fóòmù tó ń kan ara mọ́tò, á dáwọ́ yíyí dúró, kò ní fi bẹ́ẹ̀ jó ọ̀dà.

Wọ́n máa ń kọ 15mm tàbí 21mm sí i lára, bó ṣe ń gbọ̀n jìnnà tó nìyẹn. 21 máa ń yá lórí òrùlé, àmọ́ 15 ló rọrùn níbi kọ̀rọ̀, èmi 15 ni mo fara mọ́, pẹ̀lú páàdì ínǹṣì 5. Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó o, torí tó bá wúwo jù, apá á ro yín. Ẹ wo wáàtì ẹ̀ náà, tó bá ti tó 900, jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé e.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi maṣíìnì táwọn wẹ́dà fi ń gé irin ṣe é, ẹ má dá a lóhùn, nǹkan bí 11,000 ni tiẹ̀ ń yí ní ìṣẹ́jú kan!