Bí mo ṣe fi ẹja ọjà Ouando kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa òkun

Tí ènìyàn bá wá àwòrán òkun fún ọmọ ilé-ìwé, òkúta iyùn aláràbarà ni yóò kọ́kọ́ rí. Èmi ò fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Kò sí irú òkè iyùn bẹ́ẹ̀ ní etíkun Benin: odò ń gbé ẹrẹ̀ wọ inú òkun wa, omi tútù sì máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án. Iyùn ò fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ìlú wa, tí a bá fi òkun ibòmíì kọ́ yóò rò pé òkun jìnnà sí òun, bẹ́ẹ̀ ọ̀sà ẹ̀yìn ìlú yìí gan-an ni òkun ti ń tọ́ ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ sẹ̀gọ́ńdì mi, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ ní girama àgbà, fọwọ́ ara wọn kàn nìyẹn.

Ọjà Ouando ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, ní kùtùkùtù. Mo ra ṣàwá, kúta, ẹpìà àti edé, èyí tí wọn ò tíì là. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe fún ìyá tó ń tà á, ó fi akàn kan tí ẹyin kún abẹ́ ikùn rẹ̀ lé e, kò gbowó rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fi èyí hàn wọ́n. Kí wọ́n mọ̀ pé abiyamọ ni."

Ní kíláàsì, mo fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ṣàwá kan àti kúta kan, mo ní kí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ orí ẹja, níbi tí ẹran pupa tó fi ń mí wà. Lára ṣàwá, wọ́n bá egungun tín-ín-rín tó tò gọọrọ bí eyín òòyà. Lára kúta, wọn ò rí i; eyín ẹnu rẹ̀ ló fi ń jẹun. Mo bi wọ́n pé kí ni ṣàwá lè máa fi nǹkan bẹ́ẹ̀ sẹ́ nínú omi. Wọ́n dákẹ́. Ọmọbìnrin kan wá ní, "Ọ̀gá, á jẹ́ ohun tó kéré débi pé ojú wa ò rí i." Ibẹ̀ la gbà dé orí plánkítọ́nì, ìyẹn àwọn ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ tí omi ń gbé kiri, èmi ò sì tíì kọ ohunkóhun sójú pátákó.

Ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́, wáyà àti ìgò kékeré ni mo fi ṣe àwọ̀n plánkítọ́nì. A fi ọkọ̀ ojú omi fà á lórí ọ̀sà, a sì wo ẹ̀kán omi kan lábẹ́ mikirosikóòpù. Wọ́n rí ẹ̀dá kan tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, ojú kan ṣoṣo, pupa, láàárín orí. Wọ́n tò láti wò ó, àwọn míì sì padà sẹ́yìn ìlà láti tún un wò. Mo sọ fún wọn pé nǹkan bí ìdajì ọ́síjìn tí ewéko ń ṣe láyé, inú òkun ló ti ń wá, ọ̀dọ̀ irú àwọn ohun wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tó wà nínú ẹ̀kán omi yẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé gààrì jáde. Kíló kan dúró fún ewéko wẹ́wẹ́ inú omi. A wọn gíráàmù 100 nínú rẹ̀ fún àwọn ẹ̀dá kékeré tó ń jẹ ẹ́, 10 fún ṣàwá, 1 fún kúta. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ ló máa ń di ẹran ara. Ìyókù, mímí àti lílúwẹ̀ẹ́ ni ẹ̀dá fi ń lò ó. Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ohun kan ṣoṣo nípa òkun, ẹ jẹ́ kó rí gíráàmù gààrì kan náà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ti iyọ̀ ò pẹ́. Oṣù kẹta ni, òjò ò tíì dé. A se lítà omi òkun kan àti lítà omi ọ̀sà kan gbẹ. Omi òkun máa ń ní nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ nínú lítà kan, ìyẹn ò yà wọ́n lẹ́nu. Ìkòkò ti ọ̀sà ló yà wọ́n lẹ́nu, torí iyọ̀ wà nídìí rẹ̀. Òkun ń gba ojú omi tí wọ́n gbẹ́ ní Kútọ̀nù ní 1885 wọ adágún Nokoué, ó sì ń gba ojú omi Totchè dé ọ̀sà ọ̀dọ̀ wa. Tí odò Wẹ̀mẹ̀ bá kún lẹ́yìn òjò, omi dídùn á tún lé e padà.

Nígbà yìí ni mo tó mú edé. Inú òkun ni edé tó dàgbà ń yé sí. Àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọn ò ju plánkítọ́nì lọ nígbà náà, á bá omi wọ ọ̀sà, níbi tí oúnjẹ pọ̀ tí ibi ìsápamọ́ sì wà, wọ́n á dàgbà díẹ̀, wọ́n á tún padà sí òkun. Akàn tí ìyá ẹlẹ́ja fún wa náà, ọ̀nà ibi omi oníyọ̀ ló ń lọ pẹ̀lú ẹyin rẹ̀ kí àwọ̀n tó mú un. Ẹpìà ọ̀sà wa ò lọ síbì kankan ní tirẹ̀: akọ ló ń kó ẹyin sẹ́nu títí wọ́n á fi pa. Inú bí àwọn ọmọ náà nígbà tí mo ní àwọn igi etí ọ̀sà tí gbòǹgbò wọn ń wọ inú omi, ibi tí ọmọ edé ń sá sí, ni wọ́n ń gé láti fi dáná àti láti fi se iyọ̀. Ó ń bí èmi náà nínú.

A lọ sí etíkun Sẹ̀mẹ̀, a bá àwọn apẹja fa àwọ̀n ńlá wálẹ̀. Àwọn ọmọ ya ẹja sọ́tọ̀ ní irú ní irú, wọ́n sì wo ẹnu kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó sọ ohun tó ń jẹ. Wọ́n ya ọ̀rá náílọ́nù tó bá àwọ̀n wá náà sọ́tọ̀. Bàbá apẹja kan sọ fún wọn pé ìjàpá òkun máa ń gun yanrìn ibẹ̀ lálẹ́ láti yé. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, tó jẹ́ pé awọ ló bo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀dá rọ̀bọ̀tọ̀ tó mọ́ gaara tó ń léfòó nínú omi ló ń jẹ, ọ̀rá sì jọ ọ́ lójú rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi dán wọn wò: bí yanrìn bá dí ẹnu omi Kútọ̀nù pa, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ọ̀pọ̀ kọ ọ́ pé edé á tán ní ọ̀sà. Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ pé yóò dín kù nínú òkun náà, torí ọmọ tó yẹ kó padà ò ní rí ibi dàgbà sí, àti pé ẹja tó ń jẹ edé lókun á wá oúnjẹ tì. Mo fún un ní máàkì pípé. Tó bá di ìgbà tí odò Wẹ̀mẹ̀ kún, a ó tún se omi ọ̀sà náà, ká wo bí iyọ̀ rẹ̀ á ṣe kù sí.