Bí A Ṣe Gba Ilé Ẹṣin Àwọn Baba Wa Sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta

Lẹ́yìnkùlé agbo ilé wa ní Ìtòkò, l'Ábẹ́òkúta, ilé gígùn kan wà tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Ilé ẹṣin ni. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń kó igi ìdáná àti ilẹ̀kùn àlòkù sínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ìpàdé ẹbí pé kí á wó o, kí á fi ojú ilẹ̀ náà kọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo dìde, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀ẹ̀rùn yẹn fún mi. Ohun tí mo fi ẹ̀ẹ̀rùn náà ṣe ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí mo mọ̀ pé agbo ilé tó ní irú ilé báyìí lẹ́yìnkùlé pọ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, n'Íjẹ̀bú àti n'Íbàdàn, katakata tó ń wó ilé sì ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ wádìí ni bí ẹṣin ṣe dé ọ̀dọ̀ wa rárá, torí Abẹ́òkúta kì í ṣe ilẹ̀ ẹṣin. Ilẹ̀ ọ̀dàn lókè lọ́hùn-ún ló bá ẹṣin lára mu. Ní tiwa níbí, eṣinṣin tsetse ló wà nínú igbó etí odò, òun ló sì ń gbé àìsàn tó máa ń mú kí ẹṣin rù, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, títí yóò fi ṣubú kú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ àtijọ́ fi ń ṣe bó ṣe wù wọ́n ní pápá, tí igbó sì máa ń dá wọn lẹ́kun. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830, Ìlọrin ló di ojú ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà wá sí ìsàlẹ̀. Ẹṣin tó bá ti ibẹ̀ dé Abẹ́òkúta láàyè, owó ńlá ló gbà, bíbọ́ rẹ̀ tún gba òmíràn. Nígbà tí ogun Dahomey kọ lu ìlú wa ní 3 March 1851, tí wọ́n sì tún padà wá ní 1864, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ẹ̀gbá fi jà, odi ìlú ni wọ́n sì fẹ̀yìn tì. Ẹni tí o bá rí lórí ẹṣin, olóyè ni tàbí balógun. Nítorí náà, ilé tó bá ní ibùso ẹṣin lẹ́yìnkùlé, ilé olókìkí ni. Lẹ́yìn tí rélùwéè láti Èkó gba Abẹ́òkúta kọjá dé Ìbàdàn ní 1901, tí mọ́tò sì tẹ̀ lé e, ẹṣin di ti ọjọ́ ayẹyẹ àti ìwúyè.

Ẹni tó mọ ilé náà jù nínú wa ni màmá wa àgbà. Mo kọ́kọ́ jókòó tì wọ́n ní pálọ̀, mo tan ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ fóònù mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kò pọ̀. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí á jọ rìn débẹ̀. Bí a ṣe wọlé báyìí, wọ́n na ọ̀pá wọn sí igun kan: "Ibẹ̀ yẹn ni ará Ìlọrin tó ń tọ́jú ẹṣin ń sùn. Kò fẹ́ kí ẹṣin nìkan wà lóru." Wọ́n sọ bí àwọn ọmọdé ṣe ń lọ gé koríko kí ilẹ̀ tó mọ́, bí wọ́n ṣe ń po èèrí àgbàdo mọ́ ọkà bàbà, ẹni tó ń pọn omi, ẹni tó ń kó ìgbẹ́ dà sí oko ẹ̀fọ́. Mo ní, ṣé ní ọjọ́ Àìkú náà ni? Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ẹṣin mọ Sọ́ńdè ni?" Bí ẹ bá fẹ́ gba ìtàn ilé lẹ́nu àgbàlagbà, ẹ mú wọn wọ inú ilé ọ̀hún. Ojú ló ń rán ẹnu létí.

Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé yẹn bí màmá ṣe wò ó. Àwọn òpó ìrókò tó wà láàárín ní ojú kan tó ti jẹ wọlé yíká, tó ń dán bí inú abọ́ tí wọ́n ti ń lò tipẹ́: ibi tí okùn ẹṣin ti ń yí nìyẹn. Etí pákó ibùjẹ rí págunpàgun láti òpin kan dé èkejì. Mo rò pé ikán ló jẹ ẹ́, títí mo fi fi ìka wọn ojú rẹ̀. Eyín ni. Ẹṣin tí wọ́n bá so mọ́lẹ̀ pẹ́ máa ń gé igi jẹ, ibi kan náà ni yóò sì máa gé lójoojúmọ́. Mo ya àwòrán gbogbo rẹ̀, mo fi tépù wọn ọ̀nà láti òpó dé òpó, mo ya ilé náà sórí ìwé, mo sì fún ògiri kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. A kò tíì fọwọ́ kan ohunkóhun nígbà yẹn. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú iṣẹ́ bíríkìlà, torí ohun tí ọkọ́ bá ti há dànù, kò sẹ́ni tó lè bi í léèrè mọ́.

Mo tún lọ sí National Archives, ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1954 lábẹ́ Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn. Bí ẹ bá ń lọ, pẹ́ńsù ni kí ẹ mú dání, bírò lè ba ìwé àtijọ́ jẹ́. Ìwé tó wúlò fún mi jù ni ti àríyànjiyàn ilẹ̀. Àwọn tó ń du ilẹ̀ níwájú ìjọba máa ń sọ gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀: ẹni tó kọ́ ilé, ẹni tó so ẹran síbẹ̀, igi tó wà ní ààlà. Nínú ìjà àwọn baba ni a ti ń rí ohun tí wọn kò kọ nígbà àlàáfíà.

Ọ̀rọ̀ títà ilẹ̀ náà ń bọ̀ lábẹ́lẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Mo lọ bá agbẹjọ́rò kan láti lóye òfin ilẹ̀ ẹbí. Bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí fúnra rẹ̀ bá dá tà á láìjẹ́ kí àwọn olórí ìdí igi fọwọ́ sí i, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n fagi lé e. Nígbà tí mo sọ èyí nípàdé, ara gbogbo wa balẹ̀. Àwọn tó fẹ́ tà kì í ṣe ènìyàn burúkú, owó ilé ìwé ọmọ ló ń dùn wọ́n. A fẹnu kò pé kí ṣọ́ọ̀bù kọjú sí títì, níbi tí oníbàárà yóò ti rí i, kí ilé ẹṣin dúró lẹ́yìn, kí díẹ̀ nínú owó ṣọ́ọ̀bù sì máa tún un ṣe. Ìdí igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé náà.

Ó wá ku ògiri. Ẹnì kan ti fi símẹ́ǹtì rẹ́ iwájú ilé náà nígbà kan, pẹ̀lú èrò rere, ṣùgbọ́n símẹ́ǹtì yẹn gan-an ló ń pa á. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti ilẹ̀, á sì dá a padà fún afẹ́fẹ́. Símẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí omi ráyè jáde, bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa rọ̀ títí á fi wó lulẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka kan án tó dún gbọ̀ngbọ̀n, inú rẹ̀ ti ṣófo. Bàbá bíríkìlà kan tó ti mọ ilé amọ̀ nígbà èwe rẹ̀ ló bá mi yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ láti etí.

Nísàlẹ̀ ògiri, níbi tí ẹṣin ń tọ̀ sí, nǹkan funfun kan hó jáde. Iyọ̀ ni. Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ló ti wá, ó wọ ilẹ̀ lọ, omi sì ń gbé e padà sókè. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́ o! Omi yóò tún tì í wọlé ni. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ la fi gbá a ní gbígbẹ, a kó o, a lọ dà á sí ọ̀nà jíjìn.

Amọ̀ tuntun náà gba sùúrù. Ilẹ̀ pupa ni, pẹ̀lú erùpẹ̀ ògán àti koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́. A pò ó, a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a bò ó kó lè kan díẹ̀. Bàbá náà kọ́kọ́ ṣe kékeré-kékeré, èyí tí yanrìn rẹ̀ pọ̀ àti èyí tí yanrìn rẹ̀ kéré, ó sá wọn sí abẹ́ òjìji, ó ní kí á wo èyí tí kò sán. Èyí tí kò sán la lò. A rin ògiri kí a tó rẹ́ ẹ, a rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìpele kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún, a sì fi àpò tútù bò ó kí oòrùn má bàa là á. Lóde, a fi omi tí a se láti ara èèpo igbá irú kùn ún, bí àwọn Hausa ṣe máa ń ṣe sí ilé amọ̀ wọn kí òjò má tètè fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà la fa páànù síwájú kọjá ògiri dáadáa, a sì gbẹ́ gọ́tà tí yóò máa gbé omi lọ kúrò nídìí ilé.

Lábẹ́ ẹrù tí a kó jáde ni gàárì kan àti ìjánu rẹ̀ wà. Mo fi aṣọ gbígbẹ nu awọ rẹ̀, n kò fi epo kankan pa á, n kò sì dì í sínú ọ̀rá torí èbu. Wọ́n wà lórí pákó gíga nínú yàrá olórí ẹbí báyìí, níbi tí oòrùn kò dé.

Ẹ̀dà ohùn màmá, àwòrán àti ìwé tí mo ya ilé náà sí wà lọ́wọ́ olórí ẹbí, lọ́wọ́ mi àti lọ́wọ́ àbúrò mi tó ń gbé l'Ékòó. Bàbá bíríkìlà ti ṣèlérí pé òun yóò máa wá wo ògiri kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì ti mú ọ̀dọ́mọkùnrin méjì nínú agbo ilé wa tí ó ń kọ́ ní pípo amọ̀. Ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló kù. Àwọn méjèèjì ni yóò rẹ́ ẹ.